Àwọn Tí Yóò Gbẹ̀yìn Ni Ìyá Àgbà Máa Ń Wò

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ ìyá mi àgbà, Áfáà tó ṣe wáàsí sọ pé olóògbé náà kò bá ẹnikẹ́ni jà rí títí wọ́n fi fi ayé sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ṣe àmín. Ìyá Jẹ́lílì, àbúrò bàbá mi obìnrin, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí ẹní. Wọ́n yí ojú sí mi, èmi náà sì wò wọ́n. Láti ìgbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ títí ọyẹ́ fi mú, Ìyá Jẹ́lílì àti ìyá tó bí wọn lọ́mọ kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

N kò dá Áfáà lẹ́bi. Ẹni tó kú là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ibojì rẹ̀ kò sì tíì gbẹ. Ṣùgbọ́n tí a bá yọ ìjà kúrò lára Ìyá Àgbà, ohun tó kù kì í ṣe Ìyá Àgbà mọ́. Mo fẹ́ kọ ohun tí mo fi ojú mi rí sílẹ̀, kí n sì fi ohun tí mo kàn gbọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. N kò ní kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn. N kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Àwọn gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Dòdò ni wọ́n ń ṣe tà ní Ìkirè, mo sì gbé lọ́dọ̀ wọn láti kékeré. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ dòdò wa: dúdú, roboto, ó ta lẹ́nu, wọ́n sì máa ń nà án sójú fèrèsé ọkọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ ò mọ̀ ni pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà la fi ń ṣe é, èyí tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí inú rẹ̀ ti rọ̀, tí olóúnjẹ kankan ò ní fọwọ́ kàn. A ó gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, a ó sì dín in nínú epo pupa. Ní ọjà Àpòmù, bí àwọn tó kù bá ń ṣa èyí tó le, tó sì ń dán, Ìyá Àgbà á lọ sí ẹ̀yìn àtẹ, níbi tí wọ́n kó èyí tí wọ́n fẹ́ dà nù sí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyá, èyí yẹn ti bàjẹ́ o,” ni olọ́gẹ̀dẹ̀ á wí.

“Kò tíì bàjẹ́,” ni Ìyá Àgbà á dáhùn. “Ó kù díẹ̀.”

Nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì lágbára, àwọn gan-an máa ń tà létí títì. Àwọn onídòdò á tò lọ gbọọrọ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá dúró, àwọn tó sún mọ́ ọn jù ni yóò tà. Ìyá Àgbà á wo ìlà yẹn láàárọ̀, wọ́n á sì sọ ẹni tí yóò gbé igbá rẹ̀ délé lẹ́kùn-ún fún mi. “Wo ọmọ yẹn, èyí tó ró ìró aláwọ̀ ewé. Ọkọ̀ ò tíì dúró, òun ti ń sún sẹ́yìn.” Bó bá di ìrọ̀lẹ́, tí awakọ̀ kan bá na ọwọ́ sí dòdò tiwọn, wọ́n á ní tàwọn ti tán, nígbà tí igbá wà lórí àpótí tí gbogbo ojú ń rí i. Wọ́n á ní kó lọ rà lọ́wọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Èyí máa ń bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nínú.

“Ìyá Onídòdò, ṣé ẹ fẹ́ ba ọjà jẹ́ ni? Àwa tí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ńkọ́? Ẹ ń lé oníbàárà!”

“Mi ò lé e,” ni Ìyá Àgbà sọ fún wọn. “Mo rán an níṣẹ́ ni.”

Inú wọn kò dùn sí ìdáhùn yẹn, n kò sì rò pé ó yẹ kó dùn. Àwọn náà ní ọmọ nílé. Mo rí i pé àánú Ìyá Àgbà máa ń ṣe ojúsàájú. Ẹni tó bá ti lè dá dúró díẹ̀, wọn kì í rí i dáadáa.

Èmi fúnra mi mọ̀ ọ́n lára. Jẹ́lílì, ọmọ Ìyá Jẹ́lílì, gbé lọ́dọ̀ wa nígbà tí a wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ná ọjà Àpòmù àti Ararọ̀mí-Òwu, kì í sì í dúró sílé. Mo fi díẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n òun ló ga jù nínú gbogbo wa. Bí a bá gba èsì ìdánwò, èmi máa ń wà lókè, òun á wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ èsì, Ìyá Àgbà á béèrè ipò lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó ṣí ìkòkò. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún, òun náà ni wọ́n ń fún ní ẹran tó tóbi jù. Wọn kì í bi í pé kí ló dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń bi í: “Ṣé o ti jẹun?”

Lọ́jọ́ kan, mo fi àwo mi lu ilẹ̀. “Ìyá Àgbà, èmi ni mo ṣe ipò kìíní!”

“Mo gbọ́, Àṣàkẹ́,” ni wọ́n wí. Oríkì mi nìyẹn. Wọn kì í pè mí ní Bàsírà àyàfi tí mo bá ṣẹ̀. “Tíṣà ti yìn ọ́. Bàbá rẹ ti gbé ọ sókè. Aládùúgbò ti pàtẹ́wọ́ fún ọ. Kí ló tún kù tí o fẹ́ jẹ?”

Jẹ́lílì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ẹran lẹ́nu. Títí dòní mo ṣì ń rò ó bóyá ohun tí wọ́n ṣe yẹn tọ́. Mo rò pé ẹran ńlá yẹ kó kan èmi náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Gíga Jẹ́lílì ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Olùkọ́ eré ìdárayá kan rí i níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n onírin ní pápá ilé-ìwé girama. Láti ibẹ̀ ló ti dé Ìbàdàn, láti Ìbàdàn ni yunifásítì kan lókè òkun ti gbà á, pé kó wá kàwé, kó sì máa bá wọn gbá básíkẹ́ẹ̀tì. Bọ́ọ̀lù alágbọ̀n ni Ìyá Àgbà ń pè é ní tiwọn. Jẹ́lílì ṣàlàyé fún wọn lórí fóònù pé àwọn yunifásítì kan máa ń kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, pé mẹ́wàá ni wọ́n nínú ẹgbẹ́ tiwọn, pé wọn yóò máa bá ara wọn gbá láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀ nílé, tí a ó sì tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbẹ̀yìn.

“Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Àgbà, àwọn kóòṣì á ti sọ ẹni tí wọ́n rò pé ó máa ṣe kìíní.”

“Ta ló máa gbẹ̀yìn?”

Jẹ́lílì bú sẹ́rìn-ín. “Ìyẹn ò kan ẹnì kankan!”

“Fi wọ́n ránṣẹ́,” ni Ìyá Àgbà wí. “Mo fẹ́ wò wọ́n.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti ń lọ sópin, Jẹ́lílì á fi fídíò kéékèèké nípa ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa lórí wásáàpù. Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà la máa ń wò ó. Ìyá Àgbà á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, èmi á di fóònù mú sí iwájú wọn. Wọn kì í wo bọ́ọ̀lù rárá. “Dá a padà. Mi ò wo àwọn tó ń sáré. Àwọn tó jókòó ni mo fẹ́ rí.” Àga gígùn kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, níbi tí àwọn tí wọn ò tíì pè wọlé ń jókòó sí. Bí ẹnì kan bá ṣubú nínú pápá, Ìyá Àgbà á tẹjú mọ́ àga yẹn. Bí àwọn tó jókòó bá dìde, wọ́n á ní kí n lọ sí ẹgbẹ́ tó kàn. Bí àwọn tó jókòó bá ń wo èékánná ọwọ́ ara wọn, wọ́n á fi ọ̀bẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tọ́ka sí fóònù. “Àwọn wọ̀nyí ni.”

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ máa ń wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n. Wọ́n ti fi oko sílẹ̀ fún ọmọ, ilé wọn sì kọjú sí tiwa. Àwọn ní tiwọn, ẹni tí yóò ṣe kìíní ni wọ́n máa ń mú.

“Ìyá Onídòdò, gbogbo ayé ń wá ọba, ẹ̀yin ń wá ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ ààfin.”

“Ọba ní ẹni tó ń kí i, Bàbá. Ẹ lọ bá wọn kí i.”

“Ẹ ò lójú ire rárá, obìnrin yìí!”

“Ó ṣì sàn ju ẹnu tí ò leyín lọ.”

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ á fi ọwọ́ bo ẹnu wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n á yọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan nínú igbá, Ìyá Àgbà á sì gbá wọn lọ́wọ́.

Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì, nítorí náà ó yẹ kí n sọ èyí bó ṣe rí. Ìyá Àgbà kì í ṣe aríran. Nígbà mìíràn wọ́n gbà á, nígbà mìíràn wọ́n kùnà. Nínú èyí tí wọ́n gbà pàápàá, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó gbẹ̀yìn lọ́dún tó kọjá náà ni wọ́n tún mú, ẹni tí kò wo fídíò rárá ì bá sì mú un. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kò tó fi ṣèdájọ́ ẹgbẹ́ kan. Mo sọ èyí fún wọn nígbà tí mo dé láti yunifásítì. Wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n sì ní kí n dá fídíò padà sẹ́yìn.

Ọdún kan wà tí wọ́n mú ẹgbẹ́ kan tó ń wọ aṣọ pupa. Ẹgbẹ́ náà gbá bọ́ọ̀lù débi pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n gba ife. Jẹ́lílì pè láti fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀: “Ìyá Àgbà, àwọn aláṣọ pupa yín ti di ọ̀gá o! Ẹ ò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn?” Wọ́n ní kí n wá fídíò tuntun. A wò ó. Ẹnì kan ṣubú, gbogbo àga dìde. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń fò sókè. Ìyá Àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n fẹ́ wá àwáwí.

“Mo ṣì í,” ni wọ́n wí. “Ó sì dùn mọ́ mi.”

N kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nígbà náà. Ní báyìí, òun ni mo máa ń rántí jù.

Ìjà náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kóòṣì ẹgbẹ́ Jẹ́lílì kúrò, àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá jù sì tẹ̀ lé e lọ sí yunifásítì mìíràn. Jẹ́lílì fi fídíò àwọn mẹ́sàn-án tó kù ránṣẹ́. Kò fi ti ẹgbẹ́ tirẹ̀ sí i. Ìyá rẹ̀ ló mú tiwọn wá láti Àpòmù nínú fóònù wọn, pẹ̀lú ìdùnnú, bí ẹni gbé ọmọ tuntun wá han ìyá.

“Màámi! Ẹ wá wo ọmọ yín bó ṣe ń fò!”

Èmi àti Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ náà sún mọ́ ọn. Jẹ́lílì fò lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ẹnì kan fi èjìká gbá a, ó sì ṣubú gbàà, ó na ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ sílẹ̀. Lórí àga, kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀kan ń so okùn bàtà rẹ̀. Jẹ́lílì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ara rẹ̀ dìde.

“Dá a padà,” ni Ìyá Àgbà wí. A dá a padà. Wọn ò fi ọ̀bẹ tọ́ka sí i bí wọ́n ti máa ń ṣe. Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró. “Sàdíà, ẹgbẹ́ ọmọ rẹ ni yóò gbẹ̀yìn.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Jẹ́lílì. “Màámi, Jẹ́lílì lẹ ń sọ yẹn o.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ̀yin, ìyá rẹ̀ àgbà, ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́! Bó bá ṣẹ ńkọ́? Bí wọ́n bá lé e wá sílé ńkọ́?”

Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán. Bí òbí bá fi ìbínú sọ ohun burúkú sí ọmọ, a máa ń bu omi fún un kó fi ṣan ẹnu, kó tu ú sílẹ̀, kó sì sọ pé òun ti mú ọ̀rọ̀ òun padà. Ìyá Jẹ́lílì wọlé, wọ́n bu omi jáde nínú ife, wọ́n kúnlẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi. Ẹ ṣan ẹnu yín.”

“Èpè ni wọ́n ń tu dànù, Sàdíà. Mi ò ṣépè. Ohun tí mo rí ni mo sọ.”

“Ìyá Onídòdò,” ni Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ dá sí i, “ẹ ṣan ẹnu, kí ọkàn ọmọ yín balẹ̀. Ṣebí omi lásán ni.”

“Tó bá jẹ́ omi lásán, kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe?”

Ìyá Jẹ́lílì da omi náà sílẹ̀ ní iwájú wọn, wọ́n jáde, wọ́n gun ọ̀kadà padà sí Àpòmù. Ọ̀nà náà kò jìn. Ẹni tó bá fẹ́ lè lọ kó bọ̀ kí ìkòkò tó hó. Ṣùgbọ́n wọn ò wá mọ́. Mo lọ bẹ̀ wọ́n nínú ṣọ́ọ̀bù. “Lọ bẹ ìyá rẹ àgbà,” ni wọ́n sọ fún mi. “Àwọn lẹnu ń bẹ lára wọn.”

Bí Ìyá Jẹ́lílì ti lọ lọ́jọ́ náà, Ìyá Àgbà ní kí n pe Jẹ́lílì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Wọ́n ní kò yẹ kí ọmọ náà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

“Àkànjí,” ni wọ́n fi oríkì rẹ̀ pè é.

“Ìyá Àgbà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Dòdò mi ńkọ́?”

“Mo ti wò yín. Ẹ̀yin lẹ máa gbẹ̀yìn.”

“Ìyá Àgbà. Ẹ̀yin náà?”

“Ṣé irọ́ ni mo pa?”

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. “Rárá,” ló wí.

“Ó dáa. Mò ń gbàdúrà fún yín, mi ò sì ní dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbẹ̀yìn, èmi ni kí o kọ́kọ́ pè.”

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ̀ wò láti ìhà púpọ̀. Ó le láti sọ fún ọmọ tó dá wà nínú òtútù nílẹ̀ òkèèrè, n kò sì lè sọ pé ìyá rẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ohun tí mo lè jẹ́rìí sí ni ohun tó tẹ̀ lé e. Eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń pàdánù. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, kì í gbé e, nítorí ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un: ẹ máa borí, ẹ ò ní kẹ́yìn, ojú ò ní tì wá. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá ti pàdánù, fóònù Ìyá Àgbà á dún. Wọn kì í béèrè iye tí wọ́n fi borí ẹgbẹ́ rẹ̀. “Ṣé o ti jẹun?” ni wọ́n máa ń bi í. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa sọ fún un nípa ewúrẹ́ Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ tó wọ inú ilé wa, tó sì jẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí inú rẹ̀ fi wú.

Mo bi Jẹ́lílì léèrè nígbà kan ìdí tí kò fi bínú sí wọn.

“Àǹtí Bàsírà,” ló wí, “ilé yín nìkan ni mi ò ti ní láti ṣàlàyé.”

Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìyá Àgbà. A gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Àwọn dókítà ṣe èyí tí wọ́n lè ṣe, wọ́n sì ní kí a máa mú wọn lọ sílé. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí wọn, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Onídòdò, báwo lara?”

“Mi ò tíì bàjẹ́, Bàbá,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ó kù díẹ̀.”

Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n dé ojúde, mo rí wọn tí wọ́n fi ọwọ́ di ògiri mú.

Mo pe Ìyá Jẹ́lílì. Wọ́n dé kí n tó gbé fóònù sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n wo ìyá wọn lórí ibùsùn, wọ́n jáde. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lọ sunkún. Wọ́n padà wọlé pẹ̀lú omi nínú ife.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo bí wọ́n ṣe ń pàdánù yìí, ẹ̀ ń rí i. Ẹ ṣan ẹnu, kẹ́ ẹ tu ú. Mo bẹ̀ yín.”

Mo fi ọwọ́ gbé ẹ̀yìn Ìyá Àgbà sókè. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n fa omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn yọ. Ìyá Jẹ́lílì gbé abọ́ sábẹ́ àgbọ̀n wọn. A dúró. Ìyá Àgbà wo ọmọ wọn lójú, wọ́n sì gbé omi náà mì.

“Ó tutù,” ni wọ́n wí. “Fún mi sí i.”

Ìyá Jẹ́lílì dúró pẹ̀lú abọ́ gbígbẹ lọ́wọ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn, ẹ̀rín kékeré tí wọn ò fẹ́ rín. Lẹ́yìn náà ni ẹkún dé. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn, Ìyá Àgbà sì fi ọwọ́ tó ti gbẹ di ọwọ́ wọn mú.

“Mo fẹ́ kí n ṣì í, Sàdíà. Gbogbo àárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run kí n ṣì í.”

Ìyá Jẹ́lílì kò padà sí Àpòmù mọ́. Àwọn ni wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, àwọn ni wọ́n ń fún wọn lóúnjẹ, títí di òwúrọ̀ Jímọ̀ọ̀ kan tí a kírun Àsùbáà tán, tí a pe Ìyá Àgbà, tí wọn kò dáhùn. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa. Jẹ́lílì ò lè wá. Mo sọ fún un lórí fóònù. Ó ní “Ó dáa, Àǹtí,” lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gé e. Kò sunkún létí mi, ìyá rẹ̀ náà sì sọ pé kò sunkún létí àwọn. Bàbá Ògbómọ̀ṣọ́ ti jókòó sí ojúde wọn láti ìgbà náà, wọ́n kọjú sí àpótí tí Ìyá Àgbà máa ń jókòó lé. “Bí òjò bá tún ń lọ,” ni wọ́n bi mí, “ta ni yóò bá mi jiyàn?”

Ìyá Jẹ́lílì bẹ̀rẹ̀ sí í dín dòdò. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nílẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, wọn ò sì fẹ́ kó bàjẹ́ dànù. Báyìí ni ọ̀sẹ̀ ń kọjá. Eré Jẹ́lílì ku ọ̀kan ṣoṣo: bí wọ́n bá borí, ẹgbẹ́ mìíràn ni yóò wà nísàlẹ̀, bí wọ́n bá pàdánù, àwọn ni. Mo mọ̀ ọ́n, ìyá rẹ̀ náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n a kò sọ ọ́ síta. Lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àdúrà ni Ìyá Jẹ́lílì ti dé lọ́jọ́ eré náà, ojú wọn sì wú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì eré náà, a wà nídìí iná. Fóònù Ìyá Àgbà wà lórí fèrèsé. Mo ṣì máa ń gba iná mànàmáná sí i, n kò lè ṣàlàyé ìdí. Ó dún. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, Jẹ́lílì kò pe nọ́ńbà yẹn mọ́. Tèmi tàbí ti ìyá rẹ̀ ló ń pè. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú fóònù. N kò mọ̀ bóyá ó gbàgbé, tàbí ìlérí ló ń mú ṣẹ. N kò tíì bi í, n kò sì rò pé n óò bi í.

Mo na ọwọ́, ṣùgbọ́n Ìyá Jẹ́lílì ti nu epo kúrò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e sétí. Kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn Jẹ́lílì, tó lọ sílẹ̀, tó sì ti rẹ̀:

“Ìyá Àgbà, a gbẹ̀yìn.”

Ìyá Jẹ́lílì la ẹnu. Mo dúró de ohun tí yóò jáde. Mo rò pé wọn yóò gbàdúrà, tàbí kí wọ́n dárúkọ omi tí ìyá wọn kò tu dànù. Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo ọ̀bẹ tó wà lórí rẹ̀.

“Ṣé o ti jẹun, Àkànjí?” ni wọ́n wí.

Jẹ́lílì bú sẹ́kún, ẹkún tí mo ti ń retí láti ọjọ́ ìsìnkú, ó ń pe ìyá rẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ìyá rẹ̀ kò ní kó dákẹ́. Wọn kò sọ fún un pé ọdún tó ń bọ̀ yóò dára. Dòdò ń jóná nínú epo, a ń gbọ́ òórùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ́ nínú àwa méjèèjì.

“Rárá, Màámi,” ló wí nígbà tó ṣe. “Mi ò tíì jẹun.”

Ìyá Jẹ́lílì gbé ọ̀bẹ kúrò lórí àpótí, wọ́n sì jókòó síbẹ̀.

“Lọ bu oúnjẹ,” ni wọ́n wí. “Má gé e. Mo wà níbí.”